Fọ́tò Ọjọ́ Tí Wáyà Kúrò Lẹ́nu

Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀jọ̀gbọ́n eyín kan fi ń fi wáyà to eyín tó wọ́, kò lo ọ̀bẹ rí. Ẹ gbé ẹṣin fún un, á to eyín ẹ̀ bí àgbàdo!

Lọ́jọ́ kan, ó ń fi fọ́tò ẹ̀rín ọmọbìnrin kan yangàn fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni obìnrin kan tó jókòó sórí àga ìtọ́jú bá ní, "Bàbá, èmi nìyẹn."

Obìnrin náà lanu. Eyín ti wọ́ padà.

"Kí ló dé tí o ò padà wá?"

"Ta ló pè mí? Ẹ yọ wáyà, ẹ ya fọ́tò, ó parí."

Ojú ti ọ̀jọ̀gbọ́n bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ọjọ́ tí wáyà kúrò ló ya gbogbo fọ́tò ìwádìí rẹ̀. Kò tíì padà wo ẹnu ẹnì kankan rí lẹ́yìn ìyẹn.

"Ẹ gbé kámẹ́rà wá," ó rọra wí. "Fọ́tò tòní náà á wọnú ìwé ìwádìí mi."