Sùnmọ́nù Akọ̀pẹ àti Ẹ̀fọn Orí Igi

Ẹdẹ ni wọ́n ti bí Sùnmọ́nù, ṣùgbọ́n orí ọ̀pẹ Èkìtì ló ti rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Nígbà tó ti ogun Bọ́mà dé, tí kò bá ìyá rẹ̀ láyé mọ́, ó gbé igbà kọ́ èjìká, ó wá sí Adó-Èkìtì, ó sì gba yàrá kan nílé Bàbá Bámgbóyè ní Òkè-Ìlá. Kò pẹ́ tí àwọn olóko fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀pẹ tí àwọn akọ̀pẹ mìíràn bá wò tí wọ́n mi orí, tí wọ́n kọjá lọ, Sùnmọ́nù á ta igbà mọ́ ọn nídìí, kí olóko tó wẹ̀yìn, ó ti dé àárín imọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mùlíkàt ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Àtọ́kẹ́, ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ló ń rẹ́rìn-ín fún gbogbo ilé.

Lọ́dún 1954, Adéjọbí, àbúrò Mùlíkàt, wá bá wọn láti Ẹdẹ. Ó ti tó ọkùnrin tó yẹ kó gbé ìyàwó, ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ dùn, àmọ́ kò tíì rí iṣẹ́ kan dì mú. Ìyá wọn ló ní kó máa bọ̀, kí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọ̀nà hàn án. Sùnmọ́nù kọ́ ọ bí a ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Láàárín ìgbà díẹ̀, Adéjọbí ń kọrin lórí ọ̀pẹ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Òjò ọdún náà ló gbé ibà burúkú kan wá. Àwọn abúlé tó wà létí igbó, lójú ọ̀nà Ìyìn-Èkìtì, ló kọ́kọ́ mú. Ẹyinjú aláìsàn á pọ́n bí omi ata ilẹ̀ pupa, á máa bi ohun dúdú bí àdín, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa wá aṣọ tí wọ́n á fi dì í. Ibà apọ́njú, ni àwọn àgbà wí.

Nígbà náà ni àwọn olùwádìí dé láti Èkó pẹ̀lú ọkọ̀ wọn tó kún fún ìgò. Ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀ wọn, tó tún mọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ni Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, ọmọ Èkìtì kan tí kò fẹ́ràn ariwo. Ó bèèrè akọ̀pẹ tó gbójú jù lọ, gbogbo ẹnu sì pe Sùnmọ́nù.

"Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa ibà yìí," ni Ilésanmí ṣàlàyé fún un nínú ọgbà Bàbá Bámgbóyè. "Inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ ló ń gbé. Ẹ̀fọn tó wà lórí igi á mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ, á tún wá mu ti èèyàn. A fẹ́ mọ irú ẹ̀fọn tó ń ṣe é, kí a lè mọ ibi tí a ó ti dínà mọ́ ọn."

Iṣẹ́ náà kò dà bí iṣẹ́ létí ẹni tó bá gbọ́ ọ. Wọ́n kan pẹpẹ pákó sí orí igi arère ńlá kan nínú igbó, wọ́n sì gbé àkàbà tì í. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, Sùnmọ́nù á gun òkè lọ, á ká sòkòtò dé orúnkún, á jókòó. Bí ẹ̀fọn bá bà lé ojúgun rẹ̀, á fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan bò ó, á fi òwú dí ẹnu ìgò náà, á tún máa dúró de òmíràn.

"Wọ́n fi ọ́ ṣe ìjẹ ẹ̀fọn!" ni Bàbá Bámgbóyè kígbe. "Sùnmọ́nù, uṣẹ́ kí nì yí?"

Sùnmọ́nù ti rí òkú ọmọdé méjì tí wọ́n gbé kọjá lójú ọ̀nà Ìyìn. Lọ́kàn rẹ̀, bí ẹsẹ̀ òun bá lè mú ohun tó ń pa wọ́n, kí ẹ̀fọn máa jẹ òun lọ.

Ilésanmí bi í bóyá wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára rí.

"Nígbà tí à ń lọ Bọ́mà, wọ́n gún wa kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi."

"Ti ibà apọ́njú wà lára rẹ̀. Ó ṣì ń ṣọ́ ọ. Adéjọbí tí yóò máa bá ọ ṣiṣẹ́ nìkan ni kò tíì gbà. Tirẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó."

Abẹ́rẹ́ náà bọ̀ lóòótọ́, nínú fúláàsì tí wọ́n kó yìnyín sí. Àmọ́ ẹrẹ̀ gbé ọkọ̀ tó rù ú mì lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ó sì sùn síbẹ̀. Nígbà tí Ilésanmí ṣí fúláàsì náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló bá. Ó gbé ìgò oògùn náà sókè, ó wò ó pẹ́, ó dà á nù.

"Oògùn náà ti kú," ni ó wí.

Adéjọbí bú sẹ́rìn-ín. "Oògùn náà tún ń kú, ọ̀gá?"

"Ohun abẹ̀mí ni. Kòkòrò àrùn yẹn gan-an ni wọ́n sọ di aláìlágbára, kó lè kọ́ ara wa bí a ti ń bá a jà. Bí ooru bá ti pa á, kò kọ́ ara ní nǹkan kan mọ́." Ó yíjú sí Sùnmọ́nù. "Ilẹ̀ ni kí ó máa dúró sí títí òmíràn á fi dé. Kó má gun igi yẹn o."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Adéjọbí ń gba ìgò nísàlẹ̀, Sùnmọ́nù wà lókè. Òjò ń rọ̀, òmíràn kò dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí Sùnmọ́nù ti fẹ́ tẹ àkàbà, gbòǹgbò tó tutù yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí. Kí ó tó jókòó tán, ó ti wú.

"Ẹ jókòó, Bùọ̀dá," ni Adéjọbí wí. "Ẹ jẹ́ n lọ."

"Rárá. O gbọ́ ohun tí Ilésanmí sọ."

"Bí pẹpẹ bá ṣófo lónìí, wọ́n á ní a kò ṣeé gbára lé. Wọ́n á wá ẹlòmíì. Ṣé ẹ̀fọn ilẹ̀ kò jẹ mí ni?" Ó ti wà lórí àkàbà kó tó sọ ọ́ tán.

"Adéjọbí! Sọ̀ kalẹ̀!"

Adéjọbí ń fi orin dá a lóhùn. Sùnmọ́nù gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti igi, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ àna rẹ̀ bí ó ti ń wọ inú ewé lọ. Àwọn ọ̀bọ ń fò lórí ẹ̀ka, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á sùn sí. Nígbà tí Adéjọbí sọ̀ kalẹ̀, ìgò rẹ̀ kún, inú rẹ̀ sì dùn bí ti ẹni tó pa ẹran.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ara rẹ̀ gbóná, ẹ̀yìn ń ro ó. Mùlíkàt se èèpo awọ́pa, ó se ewé ìbépẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó ń bu àgbo náà fún un nínú igbá. Ilésanmí wá, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, kò sì lè wò wọ́n lójú.

"Kí lẹ ní tí ẹ lè fún un, ọ̀gá?" ni Mùlíkàt bi í.

"Abẹ́rẹ́ náà, kí àrùn tó dé ni. Bó bá ti wọlé, a kò ní nǹkan kan. Ẹ máa fún un lómi. Ẹ má dá àgbo yín dúró."

Ní ọjọ́ kẹrin, ara Adéjọbí tutù. Ó jókòó, ó jẹ ẹ̀kọ, ó gbé Àtọ́kẹ́ lé itan, ó ń bá a ṣeré. Mùlíkàt jó yípo àgbàlá. Bàbá Bámgbóyè wá kí wọn, ó ní Ọlọ́run ti ṣe é. Sùnmọ́nù nìkan ló rí i pé Ilésanmí dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò rẹ́rìn-ín. Ó tọ̀ ọ́ lọ.

"Ibà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni Ilésanmí sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó máa ń fún wọn láyè díẹ̀."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹyinjú Adéjọbí ti pọ́n. Lọ́sàn-án, ó bì, ohun dúdú sì kún abọ́. Kò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Wọ́n sin ín nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àlùfáà kan ṣoṣo ló gbà láti wẹ̀ ẹ́.

Ìyá wọn dé láti Ẹdẹ. Kò sunkún níwájú Sùnmọ́nù. Ó kàn bi í pé, "Ìwọ tí wọ́n ti gún, kí ló dé tó jẹ́ ọmọ tèmi ló wà lórí igi?"

Sùnmọ́nù ní òun pè é kó sọ̀ kalẹ̀, pé ẹsẹ̀ òun ló kọ̀. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ kò jọ òótọ́ létí òun fúnra rẹ̀. Mùlíkàt náà gbọ́ ìbéèrè náà, kò sì gbèjà rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ó di ẹrù, ó pọn Àtọ́kẹ́, ó ń padà sí Ẹdẹ.

"Bàbá Àtọ́kẹ́, mi ò bá ọ jà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wo ojú rẹ, igi yẹn ni mò ń rí."

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ilésanmí padà wá láti kó pẹpẹ àti àkàbà. Sùnmọ́nù bi í ohun tí wọ́n rí.

"Inú ẹ̀jẹ̀ Adéjọbí, a rí kòkòrò náà. Inú àwọn ẹ̀fọn tí ẹ mú, a kò rí i."

"Nínú gbogbo wọn?"

"Nínú gbogbo wọn. Kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. A kò rí i ni."

"Ó lè jẹ́ pé orí igi kọ́ ló ti mú un?"

Ilésanmí gbé àkàbà sílẹ̀. "Mi ò mọ̀, Bàbá Àtọ́kẹ́. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ti tàn ká. Àwọn ọdẹ gbé ìbọn wọ igbó, wọ́n ń pa ìyá pa ọmọ. Ilésanmí ń bẹ̀ wọ́n: "Bí ẹ bá pa ọ̀bọ tán, ẹ̀jẹ̀ ta ni ẹ̀fọn ó máa mu?" Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Kí òjò tó tún dé, igbó náà dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wá dé lọ́pọ̀ yanturu, tó sì wà láàyè, àwọn ará abúlé sá lọ sóko. Wọ́n ní àwọn tó ń gún un ló pa àna akọ̀pẹ. Sùnmọ́nù lọ láti ojúlé dé ojúlé, òun tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ṣí apá rẹ̀ hàn wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n sin ọmọ náà. Sùnmọ́nù dúró lókèèrè, nítorí wọn kò fẹ́ kó sún mọ́ ibojì.

Àwọn olóko bẹ̀rẹ̀ sí í pe akọ̀pẹ mìíràn. Kò jà. Ó ń ṣa imọ̀ tó bọ́ sílẹ̀, ó ń fi í ṣe ìgbálẹ̀, ó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà Òkè-Ìlá.

Ọdún gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn Iléyá, ìbátan Mùlíkàt kan tó ń kọjá lọ sí Ìkẹ́rẹ́ mú ọmọbìnrin kan yà síbẹ̀. Ọmọ náà ti ga, ó di irun rẹ̀ ní ṣùkú. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa kí àgbàlagbà tí kò bá mọ̀ rí.

"Ẹ kú ọjà o, sà."

"Àtọ́kẹ́," ni Sùnmọ́nù pè é.

Ọmọ náà gbójú sókè, ẹnu yà á pé ó mọ orúkọ òun. Ó wo ìbátan rẹ̀, ìyẹn sì ń wo ilẹ̀. Sùnmọ́nù mú ìgbálẹ̀ kan tó dára, ó nà án sí i. Àtọ́kẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó sì dìde. Ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ ti ń fọn fèrè, ọmọ náà kò sì fẹ́ kó fi òun sílẹ̀.