Ìyáálé Tó Ń Mu Dísù

Ìyàwó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ti ní ọmọ-ọmọ. Àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ imú fọn pàápàá, "Màmá Ìyàwó" ni wọ́n ń pè é, kó má baà dà bí àrífín. Àlejò tó bá gbọ́ á wo irun funfun tó yí etí rẹ̀ ká, á ní irú ìyàwó wo rèé. Wọn á ní kó fara balẹ̀. Wọn á nawọ́ sí ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ ewé kan tó wà lábẹ́ páànù nínú ọgbà, wọn á ní: "Ìyáálé nìyẹn. Ó ti wà nílé kí Màmá tó dé."

Òótọ́ sì ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé àpótí aṣọ rẹ̀ wọ ilé náà, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, kò tíì fún un lómi mu tó fi fà á lọ́wọ́ lọ sídìí ọkọ̀ yìí. Ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè jẹ́jẹ́ bí ẹni ṣí aṣọ lójú ọmọ tuntun, ó ní, "Wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ." Òun náà kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ẹ kú ilé o, ìyáálé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ebi pa èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Àwọn ará ilé tó ń yọjú lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ àwọn méjèèjì lórí.

Ẹ̀rín ni lọ́jọ́ náà o. Nígbà tó yá, ó di ẹjọ́. Káfíńtà fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ débi pé tí ọkọ̀ náà bá sín, òun ni imú rẹ̀ ń dà. Kò sì sí ohun tó kù lára rẹ̀ tó rí bí àwọn tó ṣe é ṣe rán an wá sáyé. Àga ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ tú dànù, torí kò rí ibi kó pákó sí. Nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù oníke rẹ̀ là, ó fi igi gẹdú rọ́pò rẹ̀, ó fá a, ó kùn ún ní fáníìṣì títí èèyàn fi lè rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Rédíétọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ló wà ní imú rẹ̀. Káfíńtà ní ẹni tó ń ru ẹrù àgbà gbọ́dọ̀ máa mumi bí àgbà. Lójú ọ̀nà tí epo ń gbà lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ó so ìgò kékeré kan mọ́ ọn, kó lè máa fojú rí i bí omi bá wọnú dísù. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò pààrọ̀. Kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń tanná, kò ní kọ̀ǹpútà tí ń dá a lẹ́kọ̀ọ́. Epo àti afẹ́fẹ́ tó fún mọ́ra ló fi ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtùnú tí Káfíńtà ń sọ fún un láràárọ̀.

Káfíńtà kò sì ní da dísù sínú táǹkì láìkọ́kọ́ sẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí aránṣọ ni Ìyàwó. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, maṣíìnì rẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé tó wo inú ọgbà. Lọ́jọ́ kan, ó wá aṣọ oníbàárà kan tì, sílíìkì tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó tú gbogbo ilé. Nígbà tó yọjú lójú fèrèsé, ó rí i lẹ́nu táǹkì Ìyáálé, tí dísù ń kán gba inú rẹ̀ kọjá, tó, tó, tó.

"Bàbá ọmọ mi! Aṣọ oníbàárà mi lẹ fi ń sẹ́ epo?"

"Kò sí asẹ́ tó dà bíi rẹ̀, Ìyàwó. Tí wọ́n bá ní sílíìkì ni ìyáálé rẹ ń wọ̀, ṣé inú rẹ kò ní dùn ni?"

"Inú mi ò dùn! Ẹ ní kó wá rán òmíràn fún oníbàárà!"

Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí kò fi bá a sọ̀rọ̀, àfi tó bá fẹ́ bú ọkọ̀ náà. Ó sì máa ń gbàdúrà, kì í ṣe lábẹ́lẹ̀ rárá, pé kí ẹnì kan wá gbé irin náà lọ fún òun.

Ṣùgbọ́n ẹni téèyàn ń bá gbé, béèyàn kórìíra rẹ̀, á mọ ohùn rẹ̀. Etí aránṣọ kì í sì í ṣe etí lásán. Kí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́, ohùn maṣíìnì á kọ́kọ́ yí padà; aránṣọ tó bá gbọ́ ọ á tètè gbẹ́sẹ̀ kúrò. Etí yìí ni Ìyàwó fi ń gbọ́ Ìyáálé nírọ̀lẹ́, láàárín gbogbo ọkọ̀ tó ń pariwo kọjá lóríta: gọ̀dọ̀gọ̀dọ̀, gọ̀dọ̀gọ̀dọ̀, lẹ́yìn náà ìdákẹ́ kékeré kan níbi tí Káfíńtà ti ń já jíà sílẹ̀ kó tó yà, lẹ́yìn náà gọ̀dọ̀gọ̀dọ̀. Á dìde, á gbé omi kaná, torí omi tútù kò lè bọ́ dísù àti gúlúù kúrò lọ́wọ́ èèyàn. Tí àwọn ọmọ bá ti rí i tí ìkòkò omi gorí iná, wọn á pa tẹlifíṣọ̀n, wọn á gbé ìwé bí ẹni pé ọmọ gidi ni wọ́n látàárọ̀. Nígbà kan, irú ọkọ̀ kan náà dé oríta, àwọn ọmọ fò dìde. Ìyàwó kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

"Ẹ jókòó. Kì í ṣe tiwa. Èyí ń wúkọ́. Tiwa kì í wúkọ́."

Tiwa. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ bó ṣe bọ́ lẹ́nu òun, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kí ni kò ní fi pè é ní tiwa? Ọkọ̀ náà ló ru àga àti tábìlì tí wọ́n fi tọ́ ọmọ. Òun ló gbé e lọ bí wọn, òun náà ló tún gbé wọn wálé. Láàárọ̀ òtútù, tí àwọn ọkọ̀ tuntun ládùúgbò bá kọ̀ tí wọn ò ṣiṣẹ́, Káfíńtà á gbé Ìyáálé jáde, á fi okùn fà wọ́n, á máa wòkè bí ẹni pé kì í ṣe òun. Ìyàwó á dúró lójú fèrèsé, á máa ka àwọn tó ń wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ wá yí bírí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyàwó gbọ́ Ìyáálé lóríta, ohùn rẹ̀ kò sì tọ̀nà. Ó ń kan bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Ó ń retí kí Káfíńtà wọlé, kó máa ráhùn, kó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kó tó bọ́ bàtà. Káfíńtà wọlé, ó fọwọ́, ó jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àti lọ́jọ́ kẹta. Ìyàwó wá rántí pé tí wọ́n bá bi Káfíńtà pé kí ló fẹ́ jẹ, ó ti pẹ́ tó ti ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ̀rọ ìlagi tó ti ń pariwo sí i létí láti ìgbà èwe rẹ̀ ti gba etí náà lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ìyáálé kú sójú títì. Ìyáálé tí ń fa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, okùn ni wọ́n fi fà á wálé lójú gbogbo ayé. Àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ gbọ́, ó wá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní láti kígbe.

"Bàbá mi, ẹ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́! Ọkọ̀ yín ń sọ fún yín pé ara òun ò yá, ẹ ò gbọ́ ọ! Ẹ jẹ́ ká tà á kó tó dá wàhálà sílẹ̀ fún yín!"

"Ta ló ní mi ò gbọ́ràn?" Káfíńtà wojú ọmọ, ó wojú ìyàwó rẹ̀. Ó gbójú sílẹ̀. "Ó dáa. Màá fọwọ́ ara mi tún un ṣe. Tí kò bá dún bó ṣe máa ń dún, pe ẹni tó bá fẹ́ rà á. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà."

Ẹni tó fẹ́ rà á kò jìnnà. Ọkùnrin kan tí ń ra ọkọ̀ àtijọ́ tú tà ni, ó sì ṣèlérí pé òun á wá ní ọjọ́ Sátidé. Gbogbo wọn mọ̀ pé kò ní wa Ìyáálé jìnnà. Yóò gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ ni, igi gẹdú iwájú yẹn á sì di igi ìdáná.

Káfíńtà ṣiṣẹ́. Ó tú pọ́ǹpù epo palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ ohun tó jẹ, ó tò ó padà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Nígbà tí ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ọkọ̀ agbọ́kọ̀ lẹ́nu géètì, ohun kan ṣoṣo ló kù. Nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù ló ń sọ ìgbà tí epo yóò wọlé. Tí epo bá tètè wọlé jù, ẹ́ńjìnnì á máa kan. Tó bá pẹ́ jù, á máa tú èéfín funfun, kò ní lágbára. Èèyàn á tú nọ́ọ̀tì pọ́ǹpù díẹ̀, á yí i síwájú, á yí i sẹ́yìn, fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwọ̀n irun orí kan, títí yóò fi tó. Etí ló sì ń sọ pé ó ti tó.

Káfíńtà yí i, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó kan. Ó tún un yí, ó wo èéfín, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ó tún kan. Àkọ́bí wọn ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin olùrà ti ń tú ṣéènì tó fẹ́ fi so ó.

Ìyàwó wà nídìí maṣíìnì, ó ń ṣe bí ẹni ń ránṣọ, bẹ́ẹ̀ kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́. Ohun tó ti ń tọrọ láti ìgbà aṣọ sílíìkì ló dúró lẹ́nu géètì yẹn. Kò ní láti ṣe ohunkóhun. Kó sáà dákẹ́ ni. Ó sì ń gbọ́ ibi tí ohùn náà ti ń sún mọ́ bó ṣe yẹ kó dún, tó tún ń kọjá rẹ̀, tí Káfíńtà kò mọ̀.

Káfíńtà bá mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́. Kì í nu ọwọ́ láàárín iṣẹ́ láéláé. Tó bá ti nu ọwọ́, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ó dun Ìyàwó wọ akínyẹmí ara. Kó tó mọ̀, ó ti wà nínú ọgbà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

"Ẹ ju àkísà yẹn sílẹ̀!"

Kò gbọ́ ọ. Ìyàwó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ dúró sí òdìkejì ẹ́ńjìnnì níbi tí ojú wọn ti ṣe mẹ́rin, ó fi ìka kan etí ara rẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ júwe fún awakọ̀ tí ń fi ẹ̀yìn rìn. Káfíńtà wò ó. Ó yé e pé Ìyàwó fẹ́ fi etí tirẹ̀ gbọ́ ọ fún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú sípánà.

Ìyàwó fi ọwọ́ pè é síwájú. Ẹ́ńjìnnì kan gbà-gbà-gbà. Ó ta ọwọ́: padà, padà sí i, díẹ̀ sí i. Èéfín funfun bo orí gbogbo wọn. Síwájú díẹ̀. Ó di ojú, ó ṣe bí ẹni pé òun wà nídìí maṣíìnì nírọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Síwájú díẹ̀ sí i. Gọ̀dọ̀gọ̀dọ̀, gọ̀dọ̀gọ̀dọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí padà fúnra rẹ̀. Ó ti gbé ìṣísẹ̀ kan sí ọ̀nà ilé ìdáná, ó fẹ́ lọ gbé omi kaná, kó tó rántí ibi tó wà. Ó yíjú padà, ó na ọwọ́ sókè, ó ké débi tí etí tó di pa á fi gbọ́:

"Ibẹ̀ yẹn! Ẹ dè é mọ́bẹ̀! Bó ṣe máa ń dún nìyẹn tí ẹ bá ń bọ̀ wálé!"

Káfíńtà dè é. Ọkùnrin olùrà dúró pẹ̀lú ṣéènì lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ṣé mókálíìkì ni yín ni?"

"Rárá o. Ìyàwó ni mí. Ìyáálé mi nìyẹn." Ó gbé àgbọ̀n sókè bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Àkọ́bí wọn sún mọ́ etí bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ ní ọwọ́ ara yín lẹ máa fi tún un ṣe!"

"Ọwọ́ ta wá lo rí yẹn?" ni Káfíńtà dáhùn. "Ọwọ́ ni mo sọ. Ṣé mo dárúkọ etí?"

Olùrà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ká ṣéènì rẹ̀, ó kí wọn, ó lọ.

"Tí wọ́n bá ń wakọ̀ lójú títì ńkọ́, Màmá mi?" ni ọmọ wọn tún bi ìyá rẹ̀.

"Iwájú ni màá máa jókòó sí. Ohun tí etí tiwọn ò bá gbọ́, tèmi á gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa lọ rí dókítà etí. Ẹni tó fún ọkọ̀ ní rédíétọ̀ akẹ́rù, kò gbọdọ̀ bá mi jiyàn tí wọ́n bá fún òun náà ní ẹ̀rọ etí."

Wọ́n gbé e jáde láti dán an wò. Ìyàwó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú igi gẹdú tó ń dán, inú rẹ̀ dùn, ó sì ń gbéraga, kò sì tijú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Káfíńtà tó ń lẹ táyà létí títì na ọwọ́ sí wọn: "Ìyàwó! Ẹ̀yin àti Ìyáálé ti parí ìjà nìyẹn!" Ó dá a lóhùn láti ojú fèrèsé ọkọ̀ pé, "Ta ló bá a jà?"

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n dé oríta. Káfíńtà já jíà sílẹ̀, ìdákẹ́ kékeré yẹn dé, Ìyàwó sì gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀. Ó ronú kan ibi tí òun máa ń wà ní irú àkókò yìí. Lónìí, kò sẹ́nì kankan lójú fèrèsé.

Wọ́n yà wọ géètì. Àkọ́bí wọn kò sí nínú ọgbà mọ́. Ilé ìdáná ló ti jáde sí wọn, ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀, ó gbé bàsíà omi gbígbóná dání, oru ń jáde lórí rẹ̀.

"Mo gbọ́ yín lóríta," ló wí, ó sì gbé omi náà kalẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.