Rélùwéè Orí Tábìlì Ìjẹun Mi

Ọ̀bùn máa ń rí mi lára. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé n kò kìlọ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́, Tónítóní ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Onígbàjámọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì mọ́ débi pé kí irun tó já bọ́ lórí oníbàárà, ìgbálẹ̀ ti ń dúró dè é nílẹ̀. Kò jẹ́ kan orí ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ fọ ọwọ́. Lọ́jọ́ tí abẹ rẹ̀ họ etí ọkùnrin kan díẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó tẹ̀lé ọkùnrin náà délé, ó bẹ ìyàwó rẹ̀, ó tún bẹ ìyá rẹ̀. Irú ẹni tí mo fẹ́ nìyẹn. Èmi ń ránṣọ ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà. A bímọ, a tọ́ wọn, wọ́n lọ sílé tiwọn, ó wá ku àwa méjèèjì nínú àwọn yàrá òkè.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gba ìdúró pẹ́ mọ́, ó fi abẹ sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ níṣẹ́. Mo ní ó parí, a ó sinmi. N kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó gba ọgbà ìgbafẹ́ kan kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá àwọn ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń wa rélùwéè kékeré. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé o. Iná ń jó nínú rẹ̀, omi ń hó, kò ju àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ, àgbàlagbà á sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, rélùwéè á wọ́ onítọ̀hún lọ lórí irin. Baba wọn délé, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó fẹ́ ìyàwó tuntun. Ó ní òun náà máa kan ọ̀kan. Mo bi í bóyá ó ti kan àpótí ìjókòó rí láyé rẹ̀. Ó ní ibì kan ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Orí tábìlì ìjẹun mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ kan dé tó ń yí irin bírí kí ó lè gé e, ó dè é mọ́ tábìlì náà, láti ọjọ́ náà orí itan la ti ń jẹun. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gé, ó gé e jù, ó wá kéré sí àwọn yòókù. Ó bá gé àwọn yòókù kí wọ́n lè bá a dọ́gba, ìyẹn náà tún wá kéré jù, ó di pé kó ra òmíràn. Òróró dúdú wà lára aṣọ ìkélé, ó wà lára ìrọ̀rí, ó ń léfòó nínú ọbẹ̀. Mo bu búrẹ́dì jẹ lárọ̀ ọjọ́ kan, nǹkan kan ró kàrà léyín mi. Èérún idẹ ni. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní kí n wò bó ṣe ká, pé ó fi hàn pé ọ̀bẹ ẹ̀rọ òun mú.

Bàsíà tí mo fi ń wẹ àwọn ọmọ-ọmọ wa, ó da ásíìdì sí i, ó ń rẹ bàbà sínú rẹ̀ kí ó lè mọ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Mo ń fọ eyín mi lọ́jọ́ kan, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo yọ búrọ́ọ̀ṣì wò, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní òun kàn yá a fi ha ara irin ni, pé òun ṣáà ti ṣàn án. Mo tu itọ́ títí itọ́ fi tán lẹ́nu mi. Ọwọ́ tó mọ́ jù ládùúgbò, òun ló wá dà báyìí. Ṣíọ̀!

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin tí mo fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbin aṣọ, ọṣẹ ni oògùn rẹ̀.

Gbogbo agbára rélùwéè, inú ìkòkò rẹ̀ ló wà. Wọ́n á dáná sí i nídìí, omi á hó, ooru ò ní ríbi jáde, á máa tì, á máa tì, títí ẹsẹ̀ ọkọ̀ á fi yí. Awẹ́ awẹ́ bàbà ni wọ́n fi ń ṣe ìkòkò yìí, fàdákà yíyọ́ ni wọ́n sì fi ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà kí fàdákà tó lè ṣàn wọ ojú àpapọ̀. Iná tó wà lọ́wọ́ baba wọn kéré síṣẹ́ náà. Níbi kọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé iná, níbi tí wọ́n ti ń kó èédú sí i, fàdákà kàn ṣù síbẹ̀ bí ikun imú ọmọdé ni, kò ṣàn. Ó da omi sí i, omi ń kán tó, tó, tó.

Ẹni tó ń yẹ ìkòkò wò fún ẹgbẹ́ náà, Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é, nítorí dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó wá sílé wa, ó sọ ọ́ lójú mi pé kò sí ẹni tó ń kọ́ ọ tí tirẹ̀ kì í jò, kò sí ìtìjú níbẹ̀, kí wọ́n kàn tún un jó ni. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ni pé ẹnì kan bo ibi tó ń jò mọ́lẹ̀, torí ooru tó bá já jáde níbẹ̀ á bó ara èèyàn.

Baba wọn tún un jó, ó jò. Ó tún un jó, ó gba ibòmíràn jò. Bẹ́ẹ̀ ó ti fẹnu kó gbogbo àdúgbò jọ! Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa ń gba àlejò ti ń bọ̀, ó sì ti ṣèlérí fún àwọn ìyá ọmọ pé òun máa fi rélùwéè òun gbé ọmọ wọn. Èyí tó bá kéré jù ló máa jókòó síwájú òun, láàárín orókùn òun, kó lè máa rí iná. Mo ti rí ibi tó ń wí. Orókùn ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn ilé iná ọ̀hún.

Ló bá di ọjọ́ kan, ìkòkò ò jò mọ́. Baba wọn ń súfèé. Mo lọ da èèpo nù, ni mo rí ike gọ́ọ̀mù kan nínú ìdọ̀tí, ó ti fún un gbẹ pátápátá. Mo mọ gọ́ọ̀mù náà. Òun ló fi lẹ ọwọ́ ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ mi nígbà kan. Tútù, ó dúró gbọn-in. Bí ọbẹ̀ ṣe hó, ọwọ́ ọmọrí tú sí mi lọ́wọ́, gọ́ọ̀mù ń fà yọ̀ọ̀ bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Mo gbé ike náà lọ bá a. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Ìyá wọn, omi tútù ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa gba omi tútù. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, màá fara balẹ̀ tún un jó.”

Mo ní, “Iná tí ẹ máa dá sí i ńkọ́?”

“Ìgbà díẹ̀ ni. Kò lè ṣe nǹkan kan láàárín ìgbà díẹ̀.”

Mo ní kó lọ sọ fún Onígíláàsì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èmi á sọ fún un. Ó bẹ̀ mí, ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun dẹni yẹ̀yẹ́ lágbà ni. Nígbà tó rí i pé n ò gbà, ó ní kò burú, òun fúnra òun á sọ ọ́. Ó lọ síbi ìyẹ̀wò, ó padà dé, ó ní òun ti jẹ́wọ́, Onígíláàsì sì ní kò séwu. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó torí etí tó họ lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá oníyàá, kí ló dé tí n kò fi ní gbà á gbọ́?

Ọjọ́ náà pé, ọgbà kún fọ́fọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ kí mi kú oríire, ó ní ìkòkò Tónítóní yege, Onígíláàsì kàn ní kó kọ́kọ́ wà á lófìfo kó tó gbé ẹnikẹ́ni. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù náà ò dà wọ́n láàmú. Ó ní, “Gọ́ọ̀mù wo?”

Mo yíjú wá Onígíláàsì, ó wà lódì kejì, òun àti àwọn kan ń gbé ọkọ̀ ẹlòmíràn tó yẹ̀ kúrò lójú irin. Nígbà tí n ó fi wẹ̀yìn, baba wọn ti na ọwọ́ pe ọmọbìnrin kékeré kan tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa. Ọmọ náà sáré wá, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síbi ilẹ̀kùn ilé iná. Omi ti wà nínú ìkòkò, èédú ti wà níbi tirẹ̀. Ìṣáná wà lọ́wọ́ baba wọn.

N kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo gbé ọmọ náà kúrò, mo ká ìró mi sókè, mo fi ìdí mi ńlá jókòó síbẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ìyá arúgbó fẹ́ gbádùn ni. Ó rọra ní kí n dìde.

Mo ní, “Ṣebí kò lè ṣe nǹkan kan láàárín ìgbà díẹ̀? Ẹ ṣáná.”

Ó ṣá a. Iná jó igi ìṣáná náà lọ títí ó fi kan ìka rẹ̀, kò tì í bọ ibi èédú.

Ó ní, “Ó ń jò. Gọ́ọ̀mù ni mo fi dí i.”

Gbogbo wọn gbọ́. Onígíláàsì wá, kò bú u, ó kàn gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, ó da omi inú ìkòkò sínú koríko. Ìyá ọmọ náà dì mọ́ mi, omi wà lójú rẹ̀, ó ní ọkọ mi mà fẹ́ràn mi o, pé ó kọ̀ láti fi mí wewu lójú gbogbo ayé. Mo fẹ́ dá a lóhùn, èébì ló gbé mi.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ó gbé rélùwéè náà mọ́ àyà bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ní nígbà tí ọmọ yẹn jókòó síwájú rẹ̀, tí ìṣáná ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ká ní n kò dé ńkọ́?

Ó dúró, ó wò mí bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ó ní, “Ìyá wọn, ṣé o ò mọ̀ pé mi ò lè fi ẹ̀mí ẹ ṣeré ni?”

Ẹ̀mí tèmi kọ́ ni mo bi í.