Ìka Bàbá Dáre àti Ìdúpẹ́ Rẹ̀

Ọgbẹ́ dídì ni mo ṣe jù lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́kọ́jà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìka Bàbá Dáre ni mi ò lè gbàgbé. Àgbẹ̀ ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni, àdúgbò Felele nílùú wa ló ń gbé. Lọ́jọ́ tó wọlé, ìka àárín rẹ̀ ti wú, ó pọ́n bí ata rodo.

"Okun o, nọ́ọ̀sì!" ó kí mi lédè wọn. "Ọkọ́ ló ṣá mi. Ẹ bá mi dì í, kí n padà sóko."

Ọkọ́ wo ló ń ṣáni tí ojú ọgbẹ́ kì í sí? Oògùn tí a fún un kò ràn án. Dókítà wa, ọmọ Ígálà, wá fi Píjin bi í bóyá ó ti ṣàìsàn ńlá rí. Bàbá ní láéláé. Ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá yára gbójú sájà.

Ojú yẹn ló ta mí lólobó. Ọmọ ìjọ lèmi náà, mo mọ̀ wá. Tí a bá ti ṣe ìdúpẹ́ lórí àìsàn, tí a ti jẹ ìrẹsì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́, kó má baà gbọ́ kó padà wá, àfi tí a bá ń jẹ́rìí ìdúpẹ́. Dókítà ì báà bi í dọ̀la.

"Bàbá," mo ní, "kí lẹ ṣe ìdúpẹ́ fún gbẹ̀yìn?"

Há! Bàbá dìde dúró. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lòún ń tọ̀ nígbà kan, wọ́n bá jẹjẹrẹ nínú àpò ìtọ̀ òun, wọ́n yọ ọ́, ọdún pípẹ́ nìyẹn! Ìyàwó rẹ̀ ké "Àmín!" Dókítà ń wò wá bí ẹni tó ṣìnà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gba díẹ̀ nínú ẹran ìka náà fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ yẹn náà ni. Dókítà ní ó máa ń ràn dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n nínú ìka, lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, òun kò rí i rí.

"Ẹ rí i bí?" Bàbá bínú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ mú mi pè é!"

"Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó bi yín, Bàbá. Ẹ̀ báà dákẹ́, kò ní lọ."

Wọ́n gé ìka náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn jẹjẹrẹ. Láti ìgbà náà, ìbéèrè ìdúpẹ́ ni mo fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun.

Nígbà tó yá, Bàbá pè mí síbi ìdúpẹ́ mìíràn. Ó na ìka mẹ́rin sókè níwájú ìjọ.

"Àìsàn náà kò tíì tán o," ó ní. "Mo ṣì ń gba oògùn. Ẹ jẹ ìrẹsì yín, ṣùgbọ́n ẹ máa bi mí léèrè."

Mo sunkún, mo sì jẹ ìrẹsì.