Ilé Bàbá Sàlámátù

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ayé wa dàrú ní Àbíjàn, bùbá ni mò ń gé lọ́wọ́. Mo ti gé apá ọ̀tún, mi ò tíì gé tòsì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a ti ń gbọ́ ìró ìbọn, láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò tí ẹni méjì sì ń pe ara wọn ní ààrẹ. Ṣùgbọ́n òdìkejì ìlú ni ìró náà ti ń wá, ó sì ti mọ́ wa lára. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ò rí ogun rí, ẹ má rò pé èèyàn máa ń tètè sá. Lọ́jọ́ náà, ọta ìbọn kan gba páànù òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi wọlé, ó bọ́ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí mi. Mo wò ó. Mi ò mọ̀ pé nǹkan tó ń pa èèyàn lè kéré tó bẹ́ẹ̀.

Sàlámátù ló fà mí lọ́wọ́ jáde. Inú ilé kan náà ni a jọ ń gbé. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, mo sì máa ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Opó ni àwa méjèèjì. Èmi ní ọmọ kan tó ti lọ́kọ, òun kò ní. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, òun ń ta atiéké, gàrí tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi ooru sè. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí èmi, ọkọ ni mo tẹ̀ lé lọ. Òun, Àbíjàn ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́, kò sì padà títí ó fi kú. Sàlámátù kò tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà rí, síbẹ̀ Yorùbá ẹnu rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ, nítorí bàbá rẹ̀ kì í gbà kí wọ́n sọ èdè mìíràn níwájú òun.

Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi sá pa mọ́ sínú yàrá rẹ̀, àwa obìnrin mẹ́sàn-án tó wà nínú ilé náà. A fi tábìlì àti àpò atiéké dí ẹnu ọ̀nà. A ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi, títí omi fi tán, a wá ń rún un ní gbígbẹ. Bí ìbọn ńlá bá dún, eruku á já láti àjà sínú abọ́, a ó sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, a gbọ́ tí àwọn kan ń fi irin lu ilẹ̀kùn ní ojúlé kejì, tí wọ́n ń pariwo pé kí àwọn àlejò jáde.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Síbo?”

“Sílé.”

“Dọ́káàsì, ibí nilé mi.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí ilé kejì fi ń jó. Ẹ̀yìnkùlé ni a gbà jáde. Ó gbé ìkòkò kékeré kan dání, mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi sè. A rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó nà sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Sàlámátù fi ọwọ́ bò mí lójú. Ó ní, “Má wò wọ́n, wọ́n sùn ni.” Èmi tí mo ti tó ẹni tó ń ní ọmọ ọmọ, mo gbà pé wọ́n sùn.

Ẹsẹ̀ la fi rìn, lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀ tó ń kó kòkó. Ní abúlé kan lẹ́bàá ààlà Gánà, ìyàwó ọdẹ kan fún wa ní ẹran yíyan lórí ewé. A ò tíì jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti jẹ tèmi tán kí n tó rí i pé Sàlámátù kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun.”

“Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. A kì í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́ nílé wa.”

“Ilé yín wo? Ṣé ẹ ò rí ibi tí a wà ni?”

“Ilé bàbá mi.”

Inú bí mi, mo gba tirẹ̀, mo jẹ ẹ́. Òtítọ́ ni mò ń sọ fún yín.

Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé bàbá wa, kò jìnnà sí oríta Takie. Sàlámátù bá mi wọlé. Àwọn ìyàwó ilé ń pè mí ní dálémoṣú lẹ́yìn, obìnrin tó padà wá jókòó sílé bàbá rẹ̀. Mò ń gbọ́ wọn. Dálémoṣú tó ní òrùlé lórí ṣì sàn. Nínú àwọn tí a jọ sá wálé, àwọn kan wà tí wọ́n ń sùn sí ìsọ̀ lọ́jà nítorí pé wọn kò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ yẹn pè wọ́n. Àwọn mìíràn ń sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tí mò ń lọ, tí wọ́n á ká ẹní kí àwọn ará tó dé fún ìsìn.

Sàlámátù ní tirẹ̀ fara balẹ̀. Ó ń bá mi ṣẹ́ etí aṣọ tí mò ń rán, ó ń po ògì fún àwọn ọmọ ilé. Nígbà tó pé ọdún kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí sí kọ̀rọ̀.

Ó ní, “Dọ́káàsì, àlejò rẹ yìí, ìgbà wo ló ń lọ sílé wọn?”

Ǹ bá ti dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò ń lọ síbì kankan. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Mo lọ bá Sàlámátù, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò sí Yorùbá tí kò nílé bàbá. Ẹ jẹ́ ká wá tiyín.”

Ó ní, “Ibi tí mo tẹ́ ẹní mi sí yìí ti tó mi.”

Mi ò gbà. Mo rò pé ọrẹ ńlá ni mo fẹ́ ṣe fún un.

Ohun tó mọ̀ nípa ilé náà kò ju mẹ́ta lọ. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Ràjí, ọmọ Ìkòyí ni wọ́n, wọn kì í sì í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti agbo-ilé dé agbo-ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Sàlámátù á kúnlẹ̀, á ka oríkì tí bàbá rẹ̀ fi ń kì í láràárọ̀. Wọ́n á fún wa lómi, wọ́n á ní ó káre, ọmọ tó mọ orírun. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní ká lọ wo ilé tó kàn. Ọmọ Ìkòyí tí Ọlọ́run dá sáyé kò lóǹkà. Bàbá arúgbó kan ló gbà wá nímọ̀ràn nígbẹ̀yìn pé àwọn Ìkòyí tí kì í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́, ìlú Ọ̀yọ́ ni ká ti wá wọn.

Mi ò ní dárúkọ agbo-ilé náà ní Ọ̀yọ́. Ìyá àgbà kan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ jìnnà.

“Kí ni ẹ kì í jẹ?”

“Ọ̀kẹ́rẹ́, mà.”

“Ta ni bàbá ẹ?”

“Ràjí.”

Ìyá náà lu àyà. “Ẹ̀gbọ́n mi! Ràjí ẹ̀gbọ́n mi!” Ó di orí Sàlámátù mú, ó ń kì í, oríkì kan náà, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Láti Àbíjàn, mi ò rí omi lójú Sàlámátù. Ọjọ́ yẹn ló sunkún, èmi náà sunkún, inú mi ń dùn pé mo ti ṣe é.

Mọ́gàjí ilé náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní, “Ọmọ wa ni, kò sí àríyànjiyàn. Yàrá ni ò sí báyìí. Ẹ jẹ́ kí ẹbí ṣèpàdé ná, a ó ránṣẹ́ pè yín.”

Bí a ṣe dé yàrá mi, Sàlámátù di ẹrù rẹ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ní ó di ẹ̀yìn Iléyá. Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó ọmọ Mọ́gàjí. Nígbà tó yá, wọn kò gbé fóònù wa mọ́. Ọdún méjì, kò tú ẹrù náà. Tó bá yọ aṣọ kan wọ̀, á fọ̀ ọ́, á dá a padà, á so ó. Kò bá mi ṣẹ́ etí aṣọ mọ́, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Tó bá fẹ́ bu omi nínú àmù mi, ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà mi, ará ilé ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di àlejò, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Àyà ló ń dùn ún nígbà ọyẹ́. Ó kú ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, kí n tó gbé omi gbígbóná wọlé. Mo pe Mọ́gàjí láti sọ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé fóònù.

“Ẹ má sin ín síbẹ̀ o! Ọmọ wa ni. A kì í sin ọmọ wa sílé onílé.”

Òòrùn kò tíì mú tí bọ́ọ̀sì wọn fi dé, àwọn ọkùnrin méje àti àáfà. Mo bá wọn lọ. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ nínú agbo-ilé kí a tó dé, níwájú ilẹ̀kùn yàrá kan. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n gbé e wọlẹ̀. Iṣẹ́ náà mọ́, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀ tán, ọkùnrin méjì ṣí yàrá náà kí wọ́n lè kó àga fún àwọn tó wá kí wọn. Mo yọjú. Ó ní fèrèsé. Òrùlé rẹ̀ kò jò. Àga oníke nìkan ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n tò léra wọn, tí wọ́n ń lò fún ìnáwó. Mo bi ìyá àgbà pé yàrá ta ni.

Ó fi ìborùn nu ojú. “Ti Ràjí ni.”

Mọ́gàjí gbé ọ̀kan nínú àwọn àga náà fún mi. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa tọ́jú ọmọ wa.” Mo jókòó.

Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Yàrá mi dákẹ́. Mo ti gbọ́ ìbọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láyé mi, mi ò gbọ́ nǹkan tó ni mí lára tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí.

Obìnrin méjì ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Ọ̀kan sá fún ọkọ tó ń lù ú. Èkejì, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta nínú yàrá tó háyà ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bi mí léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n ń lọ sílé wọn. Mo ń dá wọn lóhùn pé ilé wọn ni wọ́n wà.