Páálí Oògùn Láti Ẹ̀fọ̀n

Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, oògùn òkè òkun ṣàdédé wọ́n, ìdí mi ò sì gbé ilé mọ́. Bàbá mi, hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìtọ̀ ṣúgà. Oògùn búlúù kan ló ti ń lò láti ọdún pípẹ́, èyí tó máa ń wà nínú páálí tí wọ́n kọ orúkọ gàdàgbà sí lára. Lọ́jọ́ tó tán, nọ́ọ̀sì dìsípẹ́ńsárì wa ní Ìpotì ka hóró funfun sínú bébà pélébé, ó fi bírò kọ orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí sí i, ó ní oògùn kan náà ni.

Inú bí mi. Oògùn wo ni kò ní páálí, tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára? Mo sọ fún un lójú bàbá mi pé irọ́ ló ń pa, pé ẹfun lásán ni. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó ki oògùn náà bọ àpò.

Ara mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjerò, kò sí. Mo kọjá sí Àrámọ̀kọ, oníkẹ́mísìtì ibẹ̀ ti mi orí kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí mo fi rí páálí kan ṣoṣo ní Ẹ̀fọ̀n, ẹsẹ̀ mi ti wú. Mo gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́ tìgbéragatìgbéraga.

"Èyí gan-an ni oògùn," mo ní. "Ẹ máa lò ó."

Ó ní òun ti gbọ́. Ni mo bá tún bọ́ síta, mò ń wá òmíràn kiri.

Ní àárọ̀ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo bá a nídìí tábìlì, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò tíì fọwọ́ kan iṣu tó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ ìyá mi tó ti kú ló fi pè mí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún. Àwọn aládùúgbò bá mi gbé e dé dìsípẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì yẹn kan náà ló po ṣúgà mọ́ omi, tó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀, ṣúgà tí a kì í jẹ́ kó fojú kàn nílé.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí n kó gbogbo oògùn rẹ̀ wá. Ó gbé bébà àti páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Àǹtí, ẹ ka ìsàlẹ̀ orúkọ ńlá yìí."

Lẹ́tà tíntìntín ni. Orúkọ tó fi bírò kọ ni mo kà níbẹ̀.

"Orúkọ tí ilé iṣẹ́ sọ ọ́ ló wà lókè," ó ní. "Orúkọ oògùn fúnra rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Bàbá ti ń lo méjèèjì pọ̀, ṣúgà ara wọn wá já wálẹ̀ jù."

Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù ní Ìjerò kí ṣúgà rẹ̀ má baà tún já. Ibẹ̀ ni mo ti bi í pé kí ló dé tó fi lo méjèèjì pọ̀.

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn níwèé," ó ní. "O pè é ní onírọ́ lójú mi. Bí mo bá da tirẹ̀ nù, mo ti gbà pé onírọ́ ni. Ìwọ náà, o rìn dé Ẹ̀fọ̀n nítorí mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí, Bàbá?"

"Ìgbà wo lo jókòó ní ulé, tí mo fi máa bi ọ́?"

Mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo jókòó.