Ẹni Tó Bá Fọ́ Ẹ̀gúsí, Kó Lọ Fẹ́ Èèpo

Rédíò mi ló kọ́kọ́ kú. Kì í ṣe pé bátìrì rẹ̀ tán o. Àbúrò mi, Múfú, ló gbé e, tó jù ú sínú omi tí a fi ń fọ ẹ̀gúsí, tó sì padà lọ jókòó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ejò nínú ilé. Àwọn obìnrin tó ń bá mi bó ẹ̀gúsí fi igbe ta, igbe yẹn náà ló sì lé e jáde. Ojú ọ̀nà Ayétòrò la ti rí i mú, ó di etí méjèèjì, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gúsí ni iṣẹ́ mi ní Joga-Orílé, láti ìgbà omidan títí di ìsinsìnyí tí orúnkún mi ń sọ̀rọ̀ jù mí lọ. Tí wọ́n bá ti kórè bàrà lóko, a ó fọ́ ọ, a ó jẹ́ kó rà, a ó fọ hóró inú rẹ̀, a ó sá a gbẹ, kó tó kan bíbó. Òórùn bàrà tó rà, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ọkọ mi, Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, máa ń sọ pé kò dìgbà tí mo bá kan ilẹ̀kùn, imú òun á ti sọ fún òun pé mo ti dé.

Òfin kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ àtíbàbà mi: ẹni tó bá fọ́ hóró, kó dìde lórí ẹní, kó lọ fẹ́ èèpo. Àwọn oníbàárà tó ń ti Eggua wá kì í fẹ́ ẹ̀gúsí tó fọ́. Èèpo fífẹ́ sì ni iṣẹ́ ìyà, ojú àti irun ni gbogbo rẹ̀ ń fò mọ́. Ìyálé ni o, ìyàwó ni o, mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi ti fẹ́ ẹ rí.

Múfú ti pé ẹni ogójì ọdún nígbà tí ìyá wa kú, tó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, ariwo sì máa ń dùn ún bí egbò. Àwọn kan ní wèrè ni, àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìlaró ló là á yé mi pé ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, pé ohun tí mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, Múfú lè gbọ́ ọ bí àrá. Mo ní ṣé kò sí oògùn rẹ̀ ni. Ó ní, “Màmá, ẹ kọ́kọ́ lọ pa rédíò.” Mo sọ fún un pé rédíò ti kú.

Ẹ̀gbọ́n wa, Àlàájì, kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Lọ́dún Iléyá tó ṣáájú, àwọn ọmọ ń yin bàngá tó ń dún bí ìbọn, ni Múfú bá fẹsẹ̀ da ìkòkò ọbẹ̀ nù níwájú àwọn àna Àlàájì, ó gun igi máńgòrò, kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ojú ti Àlàájì. Ó ní tó bá tún ba ọdún tó ń bọ̀ jẹ́, òun á mú un lọ sí ilé kan lẹ́yìn bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn. Mo ti rí ilé yẹn. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń tọ́jú. Ẹ̀rù bà mí gan-an, inú sì bí mi. Ọmọ ni ìyá wa fi sílẹ̀ fún mi, kì í ṣe ewúrẹ́.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ ogbó. Nígbà ọyẹ́, mo mú un lọ ṣa agbálùmọ̀ ní kùtùkùtù, kí ènìyàn tó pọ̀ lọ́nà. Ó gba ti ṣíṣà, ó kọ ti jíjẹ, ó ní ó ń lẹ̀ mọ́ òun létè. Nígbà òjò, páànù ilé ń dún gbàràgbàrà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara rẹ̀ ya. Mo kó o lọ sí ilé ìdáná àtijọ́ tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, òjò ń rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí imọ̀, àwa méjèèjì ń sun àgbàdo. Ká sòótọ́, èmi náà gbádùn ara mi. Nígbà tí ẹ̀gúsí dé, mi ò jẹ́ kó sún mọ́ bàrà tó rà. Èyí tó ti gbẹ nìkan ni mo gbé fún un. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú báàfù, ó ń da hóró láti ọwọ́ kan sí ìkejì, ó sì rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí eyín rẹ̀ látìgbà tí a ti sin ìyá wa. Mo sunkún, mo ní èèpo ló kó sí mi lójú.

Nígbà tó mọ̀ ọ́n bó tán, wàhálà mìíràn dé. Òun kì í fọ́ ẹyọ kan, òfin mi sì wá di tirẹ̀. Bí o bá fọ́ hóró, á gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ, á na ìka sí àtẹ tí a fi ń fẹ́ èèpo. Ó lé Ìyá Sìkírá dìde lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, ìyẹn sì ni àgbà gbogbo wa níbẹ̀.

Iléyá wá bọ́ sí àárín ìgbà tí a ń bó ẹ̀gúsí. Ilé bàbá wa ni gbogbo ẹbí máa ń kó jọ sí, ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ náà sì ni àtíbàbà mi wà. Bí wọ́n ti kírun dé, tí àgbò ń ké, tí gbohùngbohùn tí Àlàájì háyà ń mi ilẹ̀ lójúde, mo kó Múfú sẹ́yìn, mo tẹ́ ẹní, mo gbé ẹ̀gúsí kalẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ibi tó bá bọ́ bàtà sí ni kó fi ohùn rẹ̀ sí. Mo rò pé àwa méjì náà la ó wà níbẹ̀. Kò pẹ́, ìyàwó Àlàájì yọ́ wọlé, ó ní orí ń fọ́ òun. Àwọn àna tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, gbohùngbohùn nìkan ló kù lójúde.

Ni Àlàájì fúnra rẹ̀ bá wọlé, nínú agbádá funfun, ó ń wá àwọn àlejò rẹ̀. Gbogbo wọn ń bó ẹ̀gúsí. Ó fi ìbínú jókòó, ó fa abọ́ kan, ó mú hóró kan, ó fọ́. Ó mú èkejì, ó fọ́. Mo ń bẹ Múfú nínú ọkàn mi pé kó jọ̀ọ́, kó mójú kúrò. Múfú dìde, ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dìde,” ni Múfú wí. “Lọ fẹ́ èèpo.”

Láti ọdún gbọọrọ, Múfú ò tíì bá Àlàájì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àlàájì wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, òfin ni,” mo wí. “Èmi náà ti fẹ́ ẹ rí.”

Ó dìde. Ó ká agbádá sí èjìká, ó gbé àtẹ, ó sì kọjú sí afẹ́fẹ́ bí ẹni tí wọn ò kọ́ níṣẹ́ rí. Gbogbo èèpo dà bo irùngbọ̀n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín. Múfú, tí kì í fọwọ́ kan ènìyàn, lọ bá a, ó di èjìká rẹ̀ mú, ó rọra yí i padà kó kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Àlàájì fẹ́ èèpo inú àtẹ yẹn tán. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ bá òun pa gbohùngbohùn.

Látọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ orúkọ ilé ẹ̀yìn bọ́dà mọ́. Múfú ló ń darí àtíbàbà báyìí, èmi kàn ń jókòó ti báàfù, mò ń bá orúnkún mi jà. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti kórè bàrà, Àlàájì á pè mí lórí fóònù, á ní ṣé ẹ̀gúsí ti gbẹ. Á dé, á bọ́ agbádá, á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, á mú hóró kan. Èèpo ló ṣì ń fẹ́.